Kọ́kọ́rọ́ Lọ́rùn Tápù

Obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ní kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má fi oyin sí i. Ó ní bí mo bá fi oyin sí i, ẹni tó yẹ kó gbọ́ kò ní gbọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fìdí kalẹ̀. Ẹ má sì tíì bú u.

Ó rẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Inú ọkọ̀ ojú omi lòun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, ọkọ̀ onígi tó ní ìgbòkun, èyí tí atẹ́gùn ń tì lọ. Wọn ò fi ṣòwò o. Ọkọ rẹ̀ ló fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́, àwọn ọmọ ti wà nílé tiwọn, ni bàbá bá ní ayé tí òun ń fi máàpù kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti ọjọ́ yìí, òun fẹ́ fojú ara òun rí i kí òun tó kú. Wọ́n ta ilé, wọ́n ra ọkọ̀. Láti ìgbà náà, èbúté dé èbúté ni.

Bàbá mọ atẹ́gùn. Ó lè gbé imú sókè láàárọ̀ kó sọ ibi tí afẹ́fẹ́ máa gbà dé nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí wọ́n máa ń tàn bí atẹ́gùn bá kọ̀, tàbí tí wọ́n bá ń wọ èbúté tóóró, ọmọdé ni lórí ìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ọmọ mẹkáníìkì ni. Abẹ́ mọ́tò ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ìdí nìyẹn tí ọkọ rẹ̀ fi ń pè é ní Ẹnjiníà. Dádì lòun náà ń pe ọkọ, látìgbà tí wọ́n ti bí àkọ́bí.

"Atẹ́gùn tèmi, ẹ́ńjìnnì tìrẹ," ni bàbá máa ń wí.

Ó dùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn kì í dípẹtà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn tó ń ya fọ́tò irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í yà. Iyọ̀. Iyọ̀ ń jẹ wáyà, ó ń jẹ nọ́ọ̀tì, ó ń jẹ ìdè ilẹ̀kùn. Tí wọ́n bá tún pọ́ǹpù ṣe lónìí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ á dí lọ́la. Tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá là, ìgbòkun á ya. Tí wọ́n bá rán ìgbòkun tán, omi á ti rí ihò abẹ́rẹ́ kan gbà wọlé sórí ibùsùn. Ọkọ̀ náà kì í kú, kì í sì í yá.

Wọ́n lè dé etíkun tí iyanrìn rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun. Ọkọ rẹ̀ á máa pè é láti òkè.

"Ẹnjiníà, wá wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀!"

Òun á wà nísàlẹ̀, orí nínú ihò ẹ́ńjìnnì, gíríìsì dé ìgbọ̀nwọ́, sukudiráfà láàárín eyín.

"Ẹ bá mi kí i!"

Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, bàbá nìkan ló ń rẹ́rìn-ín.

Òfin kan wà nínú ọkọ̀ yẹn tó ju gbogbo òfin lọ. Tápù kan wà nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, lára ihò tí omi òkun ń gbà wọlé wá tu ẹ́ńjìnnì lára kó má baà gbóná jù. Tí iṣẹ́ bá wà níbẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ti tápù náà, kí òkun má baà wá kí wọn nínú ilé. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá gbàgbé, tó tan ẹ́ńjìnnì nígbà tí tápù wà ní títì, ẹ́ńjìnnì á jó gbẹ ni. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wọn rí, ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Bàbá ló tàn án. Èbúté tí wọn ò fẹ́ràn ni wọ́n fi ṣe ilé kí wọ́n tó bọ́.

Ni bàbá bá ṣòfin. Ẹni tó bá ti tápù á mú kọ́kọ́rọ́ ẹ́ńjìnnì, á fi okùn pupa ìdí rẹ̀ gbé e kọ́ sí ọrùn tápù. Kọ́kọ́rọ́ ò ní kúrò níbẹ̀ àfi kí ẹni tó kọ́ ọ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí tápù. Ẹlòmíì ò gbọ́dọ̀ mú un, ì báà jẹ́ olówó orí ẹni.

Bàbá fẹ́ràn òfin yìí débi pé ó máa ń kí kọ́kọ́rọ́ náà tó bá ń kọjá lọ. "Kọ́kọ́rọ́, o ò tíì dìde?" Bó bá ti rí i lọ́rùn tápù, ọ̀rọ̀ parí. Ẹ́ńjìnnì ń sùn. Ìyàwó òun ló ní kó sùn.

Èbúté tí ọ̀rọ̀ náà ti wá bẹ́ kò lẹ́wà. Wọ́n ju ìdákọ̀ró sódò, níbi tí wọ́n ti ń wo àpáta kan tó yọrí lójú omi bí eyín arúgbó. Obìnrin wa wọ ọkọ̀ rọ́bà kékeré lọ sétí omi, ó gbé aṣọ ìbùsùn lọ fọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan tó kọjú sí èbúté. Alágbàfọ̀ tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, opó kan tí ohùn rẹ̀ ga ju ti ẹ̀rọ lọ, ń fẹsẹ̀ gbá ẹ̀rọ ìfọṣọ kan.

"Ẹ má gbá a mọ́, ìyá," ni obìnrin wa wí. "Bẹ́líìtì rẹ̀ ló yọ̀. Ṣé ẹ ní súpánà?"

"Súpánà? Ìwọ yìí, mẹkáníìkì ni ọ́?"

"Wọ́n fi ń bú mi ni."

Ó tún un ṣe. Alágbàfọ̀ yìn ín títí, ó ní kó lọ fọwọ́ ní yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, kó sì sinmi díẹ̀. Ibùsùn onígi kan ló wà níbẹ̀, tábìlì kan, àti fèrèsé tó kọjú sí ògiri ilé kejì. Kò sí ohun tó ṣe é wò. Obìnrin wa bu omi sínú ife, ó gbé e sórí tábìlì.

Omi inú ife náà ò mì.

Ó dúró tì í bí ẹni tó rí ìran. Ó fi ìka kan etí tábìlì. Tábìlì dúró. Ògiri dúró. Ilẹ̀ dúró. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó sì bú sẹ́kún.

"Ta ló kú?" Alágbàfọ̀ ti sáré wọlé.

"Kò sẹ́ni tó kú. Ó rẹ̀ mí ni, ìyá."

Ìyá náà jókòó tì í. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú fún un.

"Ọmọ ìyá mi, yàrá yìí ṣófo látìgbà tí ọmọ mi ti lọ sílé ọkọ. Wá dúró tì mí. Ìwọ á máa tún ẹ̀rọ ṣe, èmi á máa bá oníbàárà jà. Kí bàbá náà so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì máa gbé bí èèyàn."

"Mo máa sọ fún un."

"Sọ ọ́ lónìí o. Ọ̀rọ̀ tó bá pẹ́ nínú, ó máa ń kan."

Nígbà tó padà dé inú ọkọ̀, bàbá ti tẹ́ máàpù sórí tábìlì, ó ti fi pẹ́ńsùlù fa ilà.

"Ẹnjiníà! Atẹ́gùn ti ń yí o. Bó bá ti fìdí múlẹ̀ báyìí, a gbéra. Wo ibí. Erékùṣù ni. Wọ́n ní ẹja ibẹ̀ kì í bẹ̀rù èèyàn."

Ojú rẹ̀ ń tàn bíi ti ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bàtà fún. Ìyàwó rẹ̀ la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀ gan-an: Dádì, ó sú mi.

Ohun tó jáde ni, "Rọ́bà pọ́ǹpù omi ti gé. Ẹ́ńjìnnì ò lè lọ bẹ́ẹ̀."

Òótọ́ sì ni o. Lọ́jọ́ yẹn, òótọ́ ni. Rọ́bà tó ń fa omi sínú ẹ́ńjìnnì ti já lápá kan. Ó ti tápù, ó gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọ lọ́rùn. Bàbá kọjá, ó rí i, ó ká máàpù rẹ̀ láìjanpata.

"Kọ́kọ́rọ́, sùn dáadáa."

Lọ́jọ́ kejì, ó yọ rọ́bà tó gé, ó ki tuntun bọ ibẹ̀. Ó ní ọ̀kan nípamọ́ nínú àpótí irinṣẹ́. Kó tó di ọ̀sán, iṣẹ́ ti parí. Ó nu ọwọ́. Ó na ọwọ́ kó ṣí tápù, ọwọ́ náà sì dúró lágbedeméjì.

Tó bá ṣí i, kọ́kọ́rọ́ á kúrò. Tí kọ́kọ́rọ́ bá kúrò, bàbá á tẹ́ máàpù.

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

Ó ní ohun tó ń ya òun lẹ́nu títí dòní ni bí kò ṣe nira rárá. Kò tíì purọ́. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ níbi tó wà ni.

"Ṣé kò tíì jẹ́?" ni bàbá bi í nídìí oúnjẹ.

"Rọ́bà tí mo ní ò bá a mu. Mo máa wá òmíràn nígboro."

Irọ́ ti wọlé nìyẹn. Irọ́ kì í sì í dá rìn. Á kó ẹbí, á kó ará.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sígboro lójoojúmọ́, tó ń "wá rọ́bà". Ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ ló ń lọ. Ó jí àwọn ẹ̀rọ tó ti kú dìde. Lẹ́yìn náà, á na ẹ̀yìn sórí ibùsùn tí kì í mì, á sì sùn bí òkúta.

"Kí ni bàbá wí?" alágbàfọ̀ bi í.

"Ó ti gbà."

"O ò purọ́!"

"Ó ní ká rọra máa palẹ̀ mọ́."

"Ọlọ́run ṣeun! Mo ti fọ kọ́tìnì sílẹ̀ dè yín."

Nínú ọkọ̀, bàbá ń fi sùúrù dúró. Ó ń se oúnjẹ. Ó ń ha ìdọ̀tí kúrò lára ọkọ̀. Ó ń kí kọ́kọ́rọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó fa ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ sórí itan ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìpara pa á, ìka kan lẹ́yìn òmíràn. Ó dé ibi èékánná àtàǹpàkò tí súpánà ti fọ́ nígbà kan, ó rọra gbé ìka yí i ká.

"Ìwọ lò ń jìyà ọkọ̀ yìí," ló wí. "Wo ọwọ́ rẹ, ó ti sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Bí wọn ò bá rí rọ́bà yẹn, má pa ara ẹ. Atẹ́gùn míì ń bọ̀."

"Dádì."

"Hẹn?"

Ó wo àwọn ìka rẹ̀ tó ń dán fún ìpara.

"Ẹ ṣeun."

Ó ní nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, "hẹn" yẹn lòun ṣì ń gbọ́.

Ọ̀sán ni ìjì náà dé. Ojú ọ̀run dúdú lápá kan, lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù gbá pàà. Obìnrin wa wà lórí ibùsùn. Ariwo alágbàfọ̀ ló jí i.

"Ọmọ ìyá mi, dìde! Ṣé kì í ṣe ọkọ̀ yín nìyẹn? Ó ń sún o!"

Ó sáré jáde láìwọ bàtà. Ìdákọ̀ró ti tú. Ọkọ̀ náà ń fìdí rìn lọ sọ́nà àpáta, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun. Bàbá wà níwájú ọkọ̀ lórí eékún, ó ń tú ṣéènì sílẹ̀, bóyá ìdákọ̀ró á tún mú ilẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ò lè ta ìgbòkun nínú irú ìjì yẹn. Ẹ́ńjìnnì nìkan ló kù.

Gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ tó yí i ká ń pariwo.

"Tan ẹ́ńjìnnì! Bàbá, ẹ tan ẹ́ńjìnnì!"

Bàbá dìde. Ó wọnú ọkọ̀ lọ.

Ọkọ̀ rọ́bà ò lè la ìgbì yẹn kọjá; obìnrin wa dì mọ́ òpó èbúté. "Ẹ tàn án, Dádì," ló ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ rú òfin yẹn. Ẹ ṣí tápù kí ẹ tàn án."

Bàbá tún jáde. Ó mi orí sí àwọn tó ń pariwo, ó nàka sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Atẹ́gùn gbé ohùn rẹ̀ wá sétí omi, ó ń já lójú ọ̀nà.

"Kò sí ẹ́ńjìnnì! Ìyàwó mi ń tún un ṣe! Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn tápù!"

"Ó ti dáa!" lobìnrin náà ké. "Ó ti dáa! Ẹ tàn án!"

Atẹ́gùn tó gbé ohùn ọkọ wá bá a ló gbé tirẹ̀ sá lọ sáàárín ìgboro.

Bàbá padà sídìí ṣéènì. Ọkọ̀ fò sókè, ṣéènì fà gán-ún, ó sì ká ọwọ́ rẹ̀ mọ́ irin. Gbogbo èbúté gbọ́ igbe náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbọ́ ìró kejì, tó rọlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ: igi tó kan òkúta.

Àwọn apẹja ló fi okùn fa ọkọ̀ náà kúrò lórí àpáta, tí wọ́n fà á dé ẹ̀gbẹ́ èbúté, obìnrin wa sì wọlé bá ọkọ rẹ̀. Ìjì ọ̀hún ti lọ nígbà náà, bí àlejò tó fọ́ àwo tó sì rọra jáde. Wọ́n fi aṣọ di ọwọ́ bàbá. Ọ̀gá èbúté dé pẹ̀lú mẹkáníìkì rẹ̀.

"Omi ń wọlé," ni ọ̀gá wí. "Ẹ gbọ́dọ̀ gbé e dé ibi tí a ti ń fa ọkọ̀ sókè, kíákíá. Kí ló ṣe ẹ́ńjìnnì yín?"

"Rọ́bà pọ́ǹpù ni," bàbá wí, ó ń wa eyín pọ̀. "Kò sí i ní gbogbo ìgboro. Ìyàwó mi ti wá a títí."

Mẹkáníìkì wò ó. "Rọ́bà pọ́ǹpù? Ó kún ṣọ́ọ̀bù mi. Ta ló ní kò sí?"

Ọkùnrin náà ti ń bọ̀ wá sínú ọkọ̀. Obìnrin wa dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ má wulẹ̀ ṣèyọnu. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi okùn fà á."

"Ẹ yẹra díẹ̀, ìyá, kí n yọjú sí i. Kò ní pẹ́."

"Mo ní kí ẹ fi okùn fà á!"

Bàbá gbójú sókè. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, kò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

Mẹkáníìkì rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń tú ìdérí pọ́ǹpù.

"Tuntun ni rọ́bà inú ibí o," ohùn rẹ̀ wá láti ìsàlẹ̀. "Kò tíì yí rárá. Tápù nìkan ni wọ́n tì."

Wọ́n gbọ́ nígbà tó dé pọ́ǹpù padà, tó ṣí tápù, tó já kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Kò tilẹ̀ wúkọ́.

Alágbàfọ̀ ti tẹ̀ lé èrò débẹ̀. Kò mọ nǹkan kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

"Ọlọ́run ò jẹ́ ó bàjẹ́ jù! Bàbá, ẹ máa bọ̀ nílé, yàrá ti mọ́. Ìyàwó yín ti sọ fún mi pé ẹ gbà ká jọ máa gbé."

"Mo gba kí ni?" ni bàbá wí.

Ọ̀gá èbúté wo ilẹ̀. Mẹkáníìkì, tó ti yọrí jáde, wo okùn pupa tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń lọ, ó ń lọ, kò sí ohun tó ṣe é.

Bàbá ò pariwo. Obìnrin wa ní ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn fún òun. Lórí àga gígùn níwájú ilé ìwòsàn, lẹ́yìn tí wọ́n ti di àwọn ìka tó ṣẹ́, ni bàbá ti bi í.

"Ìgbà wo lo ti tún un ṣe?"

"Lọ́jọ́ kejì tí mo ti tápù."

"Mo sì ń kí kọ́kọ́rọ́ yẹn láràárọ̀."

"Ó sú mi, Dádì. Ọkọ̀ yẹn sú mi. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ yìí. Ṣé mo bù ọ́ jẹ ni?"

Ó sunkún. Bàbá jẹ́ kó sun ún tán.

"Ṣé o mọ ohun tó ń dùn mí? Kì í ṣe ìka. Nígbà tí wọ́n ń pariwo pé kí n tàn án, mo sọ̀ kalẹ̀. Mo di kọ́kọ́rọ́ yẹn mú. Mo ní bóyá kí n dán an wò. Mo wá sọ fún ara mi pé rárá o, Ẹnjiníà ló kọ́ ọ síbẹ̀. Mo fi í sílẹ̀."

Kò pè é ní Ẹnjiníà mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Obìnrin wa ti rí ilẹ̀ tó ń wá. Wọ́n fa ọkọ̀ náà sókè, wọ́n fi igi gbè é lọ́tùn-ún lósì ní ọgbà kan tí kì í rí omi àfi tí òjò bá rọ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n ṣì ń gbé, torí bàbá ò gbà láti wọ yàrá alágbàfọ̀. Wọ́n ń fi pákó dí ibi tó fọ́, wọ́n jọ ń kùn ún lọ́dà. Bí wọ́n bá tún un tán, bàbá ní àwọn máa tà á. Nígbà tó ń sọ ọ́, kò gbójú sókè. Tí obìnrin wa bá bu omi sínú ife báyìí, omi náà kì í mì. Ó ní òun kì í fẹ́ wò ó.

Ó ní kí n bá òun sọ fún yín pé bó bá rẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ yín. Ẹ má wá nǹkan tó bàjẹ́ láti fi dípò ẹnu yín.

Láìpẹ́ yìí, ó ti tápù yẹn kó lè fi gíríìsì sí i. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọ lọ́rùn, bí òfin ṣe wí. Nígbà tó ṣe tán, ó ṣí tápù, ó dá kọ́kọ́rọ́ padà sáyè rẹ̀, ó gòkè wá bá ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń kun pákó.

"Dádì, mo ti ṣí tápù o."

"Mo gbọ́."

Bàbá gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì di ara ògiri mú, torí ọ̀tún ò tíì ṣe é ká. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ nígbà tó dé ìdí ẹ́ńjìnnì. Ó gbọ́ nígbà tó fọwọ́ kan tápù, tó yí i wò bóyá ó ṣí lóòótọ́.

Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń padà bọ̀. Bàbá kọjá lára kọ́kọ́rọ́. Kò kí i.